Ta Ló Gbọ́ Ẹkún Ọmọ Ọmọ́bọ́lá?

Hull, England
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọdún tuntun. Ẹ̀yin ńkọ́? Orúnkún yín ńkọ́? Isaac ọkọ mi ní kí n kí yín. Ìmísíolúwa ti pé oṣù márùn-ún, ó ti ń yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Tó bá sùn pẹ́ jù lọ́sàn-án, màá fi ìka sí abẹ́ imú rẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Isaac ní ọmọ ò ní lè sùn lọ́wọ́ mi. Kó máa sọ ọ́ lọ. Ẹ̀yin mọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí.

Màmá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Modúpẹ́ tó ń bá yín ya fọ́tò lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi ló sọ ọ́, ẹ má bá a wí. Ó ní Samson ọkọ Àǹtí Ọmọ́bọ́lá ti mú obìnrin wọ ilé Àǹtí n'Íkọ̀lé. Ó ní Wòsílátù ni wọ́n ń pè é, télọ̀ ni, ó sì ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí yàrá iwájú, níbi tí Àǹtí máa ń to àpò èlùbọ́ rẹ̀ sí. Ọdún kan ò tíì pé! Oṣù kẹta tó ń bọ̀ ló máa pé ọdún kan tí a sin ẹ̀gbọ́n mi.

Mi ò lè pè é ní bùrọ̀dá mọ́. Samson lásán ni.

Ta ló kọ́ ilé yẹn? Ṣebí Àǹtí ló ń jí lọ s'Ẹ́dá-Oníyọ̀ lọ ra iṣu, tó ń bẹ ẹ́, tó ń sá a, tí àtàrí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá nítorí ẹrù? Èrè èlùbọ́ ló fi ra ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Samson kan páànù, ó ṣe ilẹ̀kùn. Kapéńtà ni, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣé torí ó ṣe ilẹ̀kùn ni gbogbo ilé ṣe wá di tirẹ̀?

Ọjọ́ tí ọmọ ń bọ̀ ńkọ́? Orí òrùlé olórùlé ló wà l'Ẹ́dá-Oníyọ̀, ṣòkòtò tí fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ wà lórí igi nísàlẹ̀. Ẹ pè é, ẹ pè é, títí fóònù tiyín fi kú. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà pẹ̀lú Àǹtí. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, Àǹtí ti kú sínú takisí lójú ọ̀nà ọsibítù Ìdó, ọmọ tí wọn ò fún lórúkọ sì ti wà nínú ilẹ̀.

Màmá, mo fẹ́ kó jáde. Mi ò fẹ́ kó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ o. Mo fẹ́ kó ru àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ gba àárín Ìkọ̀lé kọjá lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n máa bi í pé "Kapéńtà, níbo?", kó má mọ ohun tó máa sọ. Modúpẹ́ ní ibùsùn tí Samson kàn sílẹ̀ de ọmọ, èyí tó kùn ní funfun, àjákù aṣọ ni télọ̀ yẹn ń kó sínú rẹ̀ báyìí. Mo ka ibẹ̀, mo ju fóònù sílẹ̀.

Ẹ pe ẹbí bàbá wa jọ. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Èmi ni ọmọ yín tí inú ń bí,
Bùsáyọ̀


Ìlúpéjú-Èkìtì
2/2/2025

Bùsáyọ̀ ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ. Ara mi le, àfi orúnkún. Mo ti bá Modúpẹ́ wí, o ò lè bẹ̀bẹ̀ fún un láti ìlú òyìnbó. Ó ní òun ò ní fi fóònù bá mi ránṣẹ́ mọ́. Mo ní kó ya fọ́tò èyí ná, kó wá dákẹ́.

Fi ọmọ yẹn sílẹ̀ kó sùn. O ti máa ń da ara rẹ láàmú láti kékeré, bí ajá bá gbó lóde, ìwọ á ní olè ni.

Ní ti Samson, mo ní kó o fi í lọ́rùn sílẹ̀ ná. Ó wá síbí nígbà Kérésìmesì, ó gun òkè ilé ìdáná mi, ó pààrọ̀ páànù méjì tí afẹ́fẹ́ ṣí. Kò gba oúnjẹ, kò gba omi. Ìyà tó ń jẹ ọkùnrin yẹn wà lára rẹ̀, ìwọ ni o ò sí nítòsí láti rí i. Má fi tìrẹ kún un.

Mo lọ sí Ìkọ̀lé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi títí mo fi ní kó dìde. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe tó bí mi nínú. Ẹ̀yìnkùlé, nídìí igi ọsàn, ibẹ̀ ló ń da omi ọṣẹ sí tó bá fọṣọ tán. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti funfun. Mo ní kó má dà á síbẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Kí ló wà níbẹ̀?" Mo ní igi ọsàn kì í fẹ́ omi ọṣẹ.

Bá mi wá awò tí mo lè fi kàwé, èyí tí mo ní ti ṣẹ́ lápá, okùn ni mo fi so ó. Kí Isaac.

Ìyá rẹ ni


Hull
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, 2025

Màmá,

Mo kí yín o. Awò ń bọ̀, mo ra méjì.

Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi tètè kọ èyí. Bàbá àgbà kan wà nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Mísítà Alfred. Lọ́yà ni nígbà tí ara ṣì gbà á. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń fún un lóúnjẹ. Ó rí i pé mi ò tújú ká, ó bi mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Àǹtí, ilé, Samson.

Ó ní láyé àtijọ́, lábẹ́ òfin wọn, bí ọkọ bá kú, ìyàwó á máa lo ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ilẹ̀ ọkọ títí òun náà á fi kú. Ẹ ẹ̀ rí i, ìdá kan péré. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyàwó ló ní ilẹ̀, tí ìyàwó sì kú, gbogbo ẹ̀ ni ọkọ á jókòó lé títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀! Kìkì pé kí wọ́n ti bí ọmọ tó wáyé láàyè. Ọmọ ọ̀hún ì báà kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Kó ṣáà ti ké. Wọ́n á wá ẹni tó máa wá búra pé òun gbọ́ ẹkún ọmọ náà láàárín ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá.

Omi tí mo fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ ti tutù kó tó sọ ọ́ tán. Mo ní ṣé òfin yẹn ṣì wà? Ó ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti pa á rẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Mo ní Nàìjíríà ńkọ́? Ó ní, "Àwa la kó òfin wa wá fún yín. Bóyá ẹ ṣì ń lò ó, èmi ò mọ̀."

Màmá, àyà mi já. Kí ni òyìnbó ti jù nù tí àwa ò gbé pamọ́? Ṣebí irun funfun tí wọ́n fi ń dé orí ní kóòtù ṣì wà lórí àwọn lọ́yà wa nínú oòrùn?

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá yẹn tẹ́ ẹ ṣì wà láàyè. Ẹ ti sọ fún gbogbo wa pé ọmọ náà ò ké, pé bó ṣe jáde ló ṣe dákẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má yí i padà níwájú Samson, níwájú lọ́yà, níwájú àlùfáà pàápàá. Àní tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó ké díẹ̀, Màmá, tó jẹ́ pé ohùn kékeré kan báyìí ló jáde, ẹ gbé e mì. Kí Samson má rí ibi kankan dúró sí.

Ẹ ṣèlérí fún mi.

Bùsáyọ̀


Hull
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta, 2025

Màmá,

Ó ti lé lóṣù kan. Modúpẹ́ ní ẹ ò mú lẹ́tà kankan wá. Mo pe fóònù yín, ẹ ní ẹ wà lóko, ẹ sì pa á. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, oko wo?

Àná ló pé ọdún kan. Ẹ kú ìrántí. Mo tan fìtílà kan fún Àǹtí lórí tábìlì, Ìmísíolúwa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ gbá a. Samson ńkọ́? Ṣé ó lọ sí ibojì? Àbí télọ̀ ń wọn ṣòkòtò tuntun fún un?

Bí ẹ bá ti lọ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ sọ fún mi. Bó bá ti wá bẹ̀ yín tẹ́ ẹ sì ti ń káàánú rẹ̀, ẹ sọ. Àǹtí ò ní ẹlòmíì tó máa gbẹ̀san fún un. Èmi nìkan ni. Tí ẹ ò bá ràn mí lọ́wọ́, ẹ má dí mi lọ́nà.

Bùsáyọ̀


Ìlúpéjú-Èkìtì
14/4/2025

Bùsáyọ̀,

Lẹ́tà yìí ò gba ọwọ́ Modúpẹ́. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, ìyàwó katikíìsì tó ń bọ̀ wá kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú yín ló mú un dání. Bó o bá kà á tán, jó o níná.

Mo kọ́kọ́ lọ rí lọ́yà kan n'Íkọ̀lé, obìnrin ni, Ìyìnolúwa lorúkọ rẹ̀. Mo sọ òfin bàbá arúgbó rẹ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò nu ojú. Ó ní, "Màmá, ìtàn la ka òfin ẹkún ọmọ yẹn sí níléèwé. Ẹ gbàgbé ẹ̀." Ó ní ohun tí kóòtù wa máa bèèrè ni irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Mo ní réjísírì ni wọ́n lọ, mo wà níbẹ̀, bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà bó mi lẹ́sẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ ní ìpín tirẹ̀ nínú ilé náà, ìpín gidi, àwa ẹbí náà sì ní tiwa. Ọmọ ké o, ọmọ ò ké o, kò kan ìyẹn. Nítorí náà ẹ̀rù tó bà ọ́ yẹn, ẹ̀rù lásán ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé rẹ dé, tí mo rí i tó o kọ ọ́ pé "ẹ gbé e mì," mi ò lè jẹun. Bùsáyọ̀, mo ti gbé e mì láti ọdún kan.

Ọmọ náà ké.

Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbà á. Obìnrin ni. Ó ké kíkan, bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yẹn báyìí, ìyá mi ni mo rántí, mo ní, "Yéwándé, o káàbọ̀." Ọmọ́bọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣé òun ló ń ké yẹn?" Mo ní òun ni. Ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ́ ìró mi sílẹ̀, mo gbé ọmọ lé e, mo kọjú sí ìyá rẹ̀. Mo ń ká aṣọ mọ́ Ọmọ́bọ́lá, mo ń pariwo pé kí ará àdúgbò wá, mo ń pe Samson. Mi ò mọ ìgbà tí ẹkún ọmọ náà dá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó wà ní ojúlé kejì fi máa wọlé, tí mo bojú wẹ̀yìn, ọmọ ti tutù.

Èmi ni mo gbé e kalẹ̀. Mo ń rò ó lójoojúmọ́.

Wọ́n gbé Ọmọ́bọ́lá lọ, wọ́n ní kí n dúró ti òkú ọmọ. Mo gbẹ́ ilẹ̀ fúnra mi nídìí igi ọsàn. Ìròyìn pé Ọmọ́bọ́lá ti lọ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà Samson sáré wọlé, ìyẹ̀fun pákó wà lórí irun rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, "Màmá, ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ké?" Mo wò ó. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ẹkún pàápàá ò ní kàn án. Mo ní, "Kò ké." Ó ní níbo ni a sin ín sí. Mo ní àwọn àgbà obìnrin ti gbé e lọ, wọn kì í fi irú rẹ̀ han bàbá.

O ní ìwọ nìkan lo fẹ́ gbẹ̀san. Èmi ti gbẹ̀san kó o tó ronú kàn án. Ó sì ti ń padà sára mi, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sílé yẹn ni mo ń rí i tí omi ọṣẹ ń ṣàn lórí Yéwándé, mi ò sì lè la ẹnu sọ ọ́.

Kí ni kí n ṣe? Ìwọ ni mo bi.

Ìyá rẹ


Hull
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, 2025

Màmá mi,

Mi ò jó o. Mo fi sínú báàgì tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò bá Isaac sọ̀rọ̀, ó rò pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Ẹ ò pa ọmọ náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọwọ́ méjì lẹ ní, ènìyàn méjì ló ń kú lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ méjì mìíràn tó yẹ kó wà níbẹ̀, orí òrùlé l'Ẹ́dá-Oníyọ̀ ló wà, ó ń kan ìṣó.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà, mi ò ní purọ́. Èmi náà fún un lórúkọ tèmi lọ́kàn, mo ń pè é ní Ọmọ Àǹtí. Ó ní orúkọ, ẹ ò sọ fún mi. Èmi tí mo bímọ síbí láìsí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo ń fi ìka wá èémí lábẹ́ imú ọmọ mi, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa rò pé a ní ẹ̀jẹ̀ tó ń bí ọmọ tí kì í ké.

Ẹ bi mí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ lọ sọ fún un.

Ẹ má rò pé àánú ló ń ṣe mí. Òfin ò lè lé e jáde, ẹ̀yin lẹ lè lé e. Ọdún kan ló ti ń sùn dáadáa torí ó rò pé kò sí ẹkún tí òun ì bá gbọ́. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí mi, ẹ má yọ ọ̀rọ̀ kan: pé ó ké, pé obìnrin ni, pé Àǹtí rẹ́rìn-ín, pé orúkọ òun Samson lẹ ń pè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ. Kó mọ̀ pé ọmọ òun ké nínú ilé òun, gbogbo ará àdúgbò ì bá gbọ́, òun nìkan ni kò ní gbọ́ ọ láéláé. Kó wá máa sùn níbẹ̀ tó bá lè sùn.

Ìyẹn ni mo fẹ́. Ẹ bá mi ṣe é.

Bùsáyọ̀


Ìlúpéjú-Èkìtì
1/6/2025

Bùsáyọ̀ ọmọ mi,

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, a ti gbin àgbàdo. Ìyàwó katikíìsì ti kó awò dé, ó mọ́lẹ̀, mo ti ń rí àwọn àṣìṣe ọ̀rọ̀ tó ò ń kọ.

Mo ṣe é. Ọjọ́ Tuesday ni. Mo gun ọ̀kadà láti ibí títí dé Ìkọ̀lé, mo fẹ́ kí orúnkún dùn mí. Samson wà lábẹ́ igi ọsàn, ó ń fá pákó. Ó fẹ́ dìde, mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó o ṣe ní kí n sọ ọ́. Mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo ń dúró kó bú mi. Ì bá bú mi, inú mi ì bá dùn. Ó kàn bu èérún pákó, ó ń fún un mọ́wọ́. Ó wá ní, "Màmá, báwo ló ṣe ké?"

Mo ní kí lo wí?

Ó ní, "Báwo ló ṣe ké? Ẹ ṣe é kí n gbọ́."

Bùsáyọ̀, mo ṣe é. Èmi arúgbó, mo la ẹnu lábẹ́ igi ọsàn lọ́sàn-án gangan, mo ké bí ọmọ tuntun. Wòsílátù sá jáde pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ní, "Ọmọ ta nìyẹn?" Samson ní, "Ọmọ mi ni."

Ó bi mí ibi tó wà. Mo fi ẹsẹ̀ hàn án. Orí rẹ̀ gan-an ló jókòó sí. Ó dìde bí ẹni tí iná jó. Wòsílátù wo ilẹ̀ tó funfun yẹn, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń sọ pé, "Mi ò mọ̀ o, Màmá, mi ò mọ̀." Mo ní mo mọ̀ pé o ò mọ̀.

Samson wọlé, ó gbé ibùsùn funfun yẹn jáde, ó da àjákù aṣọ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ó yọ ọ́ ní ìṣó kọ̀ọ̀kan, kò ya igi kankan. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fi ṣe ọgbà kékeré yí ibẹ̀ ká. Títí oòrùn fi wọ̀ ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì ó wá síbí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ sí iwájú mi. Ó ní, "Màmá, mi ò lè gbé inú ilé tí ọmọ mi ti ké tí mi ò gbọ́." Mo sọ ọ̀rọ̀ lọ́yà fún un, pé ó ní ìpín. Ó ní kí n máa fi í tọ́jú igi ọsàn. Ó ti gba yàrá kan ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Wòsílátù bá a lọ, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà. Ṣé o rántí pé o fẹ́ kó gba àárín Ìkọ̀lé kọjá pẹ̀lú àpótí lórí lọ́jọ́ ọjà? Ọjọ́ ọjà gan-an ló rù ú kọjá. Àwọn ènìyàn bi í pé níbo. Wọ́n ní ó dáhùn. Ó ní òun lọ kí ọmọ òun.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ilé ti ṣófo. Ohun tó o fẹ́ nìyẹn.

Ìyá rẹ


Hull
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo ti rí i pé ó ti lọ.

Mi ò tíì dárí jì í. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Tí mo bá wálé, tí mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, mi ò ní kí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ilé náà fún ayálégbé kankan. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó já sídìí igi ọsàn kúrò lára ìyókù, ìyẹn nìkan, ẹ fi rán Modúpẹ́ sí i l'Ẹ́dá-Oníyọ̀. Ẹ má jẹ́ kó sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìmísíolúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nínú yàrá kejì, ó ń ké. Mo mọ̀ pé ebi ni. Mo jókòó síbí, ọwọ́ mi wà lórí ìwé, mo ní kó ké díẹ̀ sí i ná kí n tó dìde. Mò ń gbọ́ ọ.

Bùsáyọ̀ yín